Omi Inú Ìkòkò

Bí a bá bi ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ í sè léèrè pé kí ni ó kó sínú ìkòkò rẹ̀, yóò ka ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà, epo, irú, iyọ̀, ẹran àti ẹja fún wa. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó dárúkọ omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ń kọ ìtàn oúnjẹ wa ń ṣe. Wọn a sọ ìgbà tí àgbàdo dé, wọn a sọ ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wá, wọn a tọ ipa ata gba orí òkun padà sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n omi tí ó sọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí di oúnjẹ, wọn kì í sábà fi ẹnu bà á. Bóyá nítorí pé àwọn baba ńlá wa kì í ra omi lọ́jà ni. Bóyá nítorí pé kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ohun tí ó bá wà níbi gbogbo, ojú kì í sábà rí i.

Èrò tèmi, tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín, ni pé omi gan-an ni ìpìlẹ̀ ọgbọ́n ìdáná ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó mọ iye ata tí ó yẹ ọbẹ̀ ti mọ nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ omi ni a ń pè ní ẹni tí ó mọ oúnjẹ í sè. Ọgbọ́n náà sì ní ọ̀nà mẹ́ta: kí á mọ omi tí ó yẹ kí ó jáde kúrò nínú nǹkan, kí á mọ omi tí ó yẹ kí ó padà wọ inú rẹ̀, kí á sì mọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ. Ọgbọ́n yìí ni àwọn ìyá wa fi gba irúgbìn àjèjì wọlé, tí wọ́n sì sọ ọ́ di oúnjẹ tí ọmọ Yorùbá ń fi yangàn lónìí. Bí ó bá sọnù, kì í ṣe adùn nìkan ni yóò bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ní ojú méjì nínú èdè wa. Bí a bá sọ pé ẹnì kan bu omi la nǹkan, ẹ̀sùn ni a fi kàn án. Ẹlẹ́mu tí ó bu omi la ẹmu ti rẹ́ oníbàárà rẹ̀ jẹ; olóúnjẹ tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn kiri inú àwo kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún un. Síbẹ̀, nígbà tí inú bá ń bí ẹnì kan, à ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bu omi sùúrù mu. Ẹ sì wo orúkọ tí àwọn ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ sọ gbẹ̀gìrì àti ewédú tí a dà pọ̀ mọ́ra sórí ọkà: àbùlà ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń bú ẹmu tí a ti bà jẹ́ ni a fi ń yin oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá jẹ. Kò sí ìtakora níbẹ̀. Ohun tí èdè wa ń sọ ni pé bíbùlà kò burú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tí ó bù ú, ìdí tí ó fi bù ú, àti ìwọ̀n tí ó bù ni ó ń sọ bóyá àtúnṣe ni tàbí ìbàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àmàlà. Kí iṣu tó di èlùbọ́, a ó bẹ ẹ́, a ó gé e, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi tí ó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, a ó sì fi í sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá a sí oòrùn títí tí yóò fi gbẹ táútáú, kí á tó gún un tàbí kí á lọ̀ ọ́. Iṣu ní omi tirẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. A tún fi omi mìíràn kún un. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé a lé gbogbo omi náà jáde. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè pè é ní iṣẹ́ àṣedànù. Ṣùgbọ́n iṣu tútù kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà tàbí kí ó tó hù, nígbà tí èlùbọ́ lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó sì gba ilé là ní àkókò tí iṣu tuntun kò tíì jáde. Inú omi àkọ́kọ́ yẹn sì ni ọkà ti ń rí àwọ̀ dúdú rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà tí ó bá di orí iná, omi tún padà wá. Omi yóò hó yaya, a ó da èlùbọ́ sí i, a ó sì fi orógùn rò ó. Ibí ni a ti ń mọ ọ̀gá. Sítáàṣì tí ó wà nínú èlùbọ́ kì í mu omi tútù. Ó di ìgbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 70 ti Celsius kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí ó sì máa lẹ̀ mọ́ra. Bí ìyẹ̀fun bá dì pọ̀ lójú kan kí omi tó wọ inú rẹ̀, òde rẹ̀ yóò jinná, yóò sì di ògiri tí kò ní jẹ́ kí omi wọlé mọ́. Inú rẹ̀ yóò wà ní gbígbẹ. Èyí ni à ń pè ní kókó, tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun di ẹni yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ìyá ọkọ.

Bí ọkà bá le, tí ó sì ń rùn ìyẹ̀fun, àwọn àgbà kì í tún da èlùbọ́ sí i, wọn kì í sì í gbé e sọ̀ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Wọn a fi orógùn dá ihò sí i lára, wọn a bu omi híhó díẹ̀ sí i, wọn a bò ó, wọn a sì dín iná kù. Ooru omi náà ni yóò wọ inú ibi tí kò tíì jinná. Nígbà tí wọ́n bá tún un rò, yóò rọ̀, yóò sì dán, òórùn ìyẹ̀fun yóò sì ti lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé omi kan ṣoṣo yìí ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan: ó tún bí ọkà ṣe rí lọ́wọ́ ṣe, ó sì tún bí ó ṣe rí lẹ́nu ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé omi tútù ni wọ́n bù sí i, ọkà náà yóò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò kàn rọ̀ lásán ni. Àìjinná rẹ̀ yóò ṣì wà nínú.

Òfin kan náà ni ó wà nínú iyán, tí à ń wọ́n omi iṣu gbígbóná sí nínú odó bí ó bá fẹ́ le. Òun náà ni ó wà nínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ tí ó ki jù, tàbí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, omi ni a ó fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n omi ẹran ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, bí kò bá sì sí omi ẹran, omi gbígbóná, tí wọn yóò sì fún láàyè láti hó pọ̀ pẹ̀lú ata. Ẹni tí ó bá da omi sí ọbẹ̀ tí ó sì sọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ yóò gbé omi lọ́tọ̀, ata lọ́tọ̀, síwájú àlejò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi ọkà àti ọbẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà mọ, a lè pè é ní ọgbọ́n ilé ìdáná, kí á sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń dáná. Ṣùgbọ́n ó wọ inú ìtàn. Àgbàdo kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá, ó sì ti dé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ìyá wa kò dúró kí àlejò kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Wọ́n ti ní ọkà bàbà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti mọ ohun tí omi lè ṣe fún hóró lílé. Wọ́n rẹ àgbàdo sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi omi sẹ́ ẹ kí eèrí lè kúrò, wọ́n jẹ́ kí ó silẹ̀, wọ́n sì da omi orí rẹ̀ kúrò. Ohun tí ó kù nísàlẹ̀ ni ògì.

Omi orí ògì yìí ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò kà á sí ìdọ̀tí: omidùn ni wọ́n ń pè é. Ó kan lẹ́nu, wọ́n sì ń fi rẹ ewé àti egbò fún àgbo. Lónìí a mọ̀ pé àwọn kòkòrò tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ṣe ásíìdì tí ó mú un kan, àti pé kíkan yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú lè gbé inú ògì. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò rí kòkòrò kankan. Wọ́n fi imú àti ahọ́n mọ ọjọ́ tí omi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó.

Nígbà tí a bá fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná, omi méjì ni à ń lò. Omi tútù ni a ó kọ́kọ́ fi po ògì kí ó má baà ní kókó. Omi híhó ni a ó wá dà lé e kí ó lè dì. Bí omi kejì kò bá hó dáadáa, ẹ̀kọ náà kò ní dì, yóò kàn máa ṣàn funfun nínú igbá ni. Àwọn kan máa ń to oúnjẹ Yorùbá ní ipò, tí wọ́n ń fi iyán ṣáájú, tí wọ́n ń fi ọkà ṣe igbákejì, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ sí ipò ohun tí a ń jẹ nígbà tí kò bá sí nǹkan mìíràn. Mo ti máa ń rò pé a kò ṣe dáadáa sí ẹ̀kọ. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fẹ́ fi to oúnjẹ, n kò mọ ohun tí yóò ṣáájú rẹ̀.

Ìtàn ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, tún jinlẹ̀ ju ti àgbàdo lọ, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní ohun kan nínú tí ó máa ń di sáyánáìdì, májèlé tí ó le, nígbà tí a bá gé e tàbí tí a bá rin ín. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Bùràsíìlì, tí àwọn Tupi wà lára wọn, ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò kí ọkọ̀ òkun Potogí kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn a rin ẹ̀gẹ́, wọn a kì í sínú àpò gígùn kan tí wọ́n hun, tí wọ́n ń pè ní tipiti, wọn a sì fà á títí tí omi rẹ̀ yóò fi ṣàn jáde. Ìyẹ̀fun tí ó kù ni wọ́n ń yan. Omi tí ó ṣàn jáde gan-an, tí ó lè pa ènìyàn ní tútù, wọ́n ń sè é fún ìgbà pípẹ́ títí tí májèlé rẹ̀ yóò fi lọ, tí yóò sì di omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tucupi.

Àwọn Potogí gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á gbin nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí á mọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni gaàrí tó gbilẹ̀ láàárín wa, àti pé àwọn Àgùdà ní ọwọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn ń padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, pàápàá lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bàhíà ní 1835 ti mú kí ìjọba ibẹ̀ máa lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílùú. Ní Bàhíà, wọ́n ti ń jẹ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yíyan lójoojúmọ́. Wọ́n sì mọ pirão, èyí tí í ṣe ìyẹ̀fun náà tí a da omi ẹja gbígbóná sí títí tí yóò fi dì. Ẹni tí ó bá ti tẹ ẹ̀bà rí kò nílò kí á ṣàlàyé pirão fún un.

Ohun tí ó ti òkè òkun padà wá nígbà náà kọjá irúgbìn. Ìmọ̀ nípa omi ni. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe gaàrí. A họ ẹ̀gẹ́, a rin ín, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó kan, kí omi rẹ̀ sì máa jáde. Lẹ́yìn náà ni a ó jọ̀ ọ́, tí a ó sì yan án nínú agbada. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lé májèlé jáde: rírin ń tú u sílẹ̀, kíkan àti títẹ̀ ń mú un bá omi lọ, iná ń lé èyí tí ó kù lọ bí èéfín. Nígbà tí gbogbo omi búburú bá ti lọ tán ni a ó wá fún un ní omi rere. Omi tí a fi tẹ ẹ̀bà ni omi kejì, kò sì lè ṣe iṣẹ́ omi àkọ́kọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe adùn nìkan ni yóò bá ọgbọ́n yìí lọ. Ní 1981, ní agbègbè Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì, òjò kọ̀, ebi sì mú. Àwọn ènìyàn tí ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan kù sí lọ́wọ́ kò ní àkókò láti ṣe é bí ó ti yẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọmọdé àti obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì, tí wọn kò sì lè rìn bí tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ní ilé tiwa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ láàárín ọdún 1960 sí 1970 nípa àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè rìn dáadáa, tí ó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Ó so ó mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti bá a jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ẹ̀gẹ́ tí a kánjú ṣe léwu. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn kan ń rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń yan án nírọ̀lẹ́ nítorí pé owó ọjà ń pè wọ́n, àyà mi máa ń já. Ọjọ́ tí wọ́n yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà, àwọn tí ó fi í síbẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀.

Omi tún ní iṣẹ́ mìíràn tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé: ó ń sọ díẹ̀ di púpọ̀. Gaàrí tí ó dára lè wú tó ìlọ́po mẹ́ta nígbà tí omi bá kàn án, èyí sì ni ó sọ ọ́ di oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí oúnjẹ wọ́n ní Èkó, ìjọba amúnisìn gbé ètò kan kalẹ̀ lábẹ́ Captain A. P. Pullen láti máa pàṣẹ iye tí a ó máa ta oúnjẹ, gaàrí sì wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà, tí Alimotu Pelewura jẹ́ aṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì bá ètò náà jà títí tí ìjọba fi jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 1945. Ó yẹ kí á rántí pé lẹ́yìn ìjà ọjà yẹn, obìnrin kọ̀ọ̀kan ń padà sílé lọ bá ìkòkò tí ó ní láti bọ́ gbogbo ilé. Omi tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fi kún ọbẹ̀ kì í ṣe ti ẹlẹ́mu tí ó ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí a ń bù sí ọbẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé lójijì: ẹnikẹ́ni kò ní bú u, nítorí pé ó sàn kí ọbẹ̀ ṣàn díẹ̀ ju kí àlejò sùn lébi lọ.

Omi náà kò sì wọ inú ìkòkò fúnra rẹ̀. Orí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni ó gùn wá láti odò àti kànga, kí wọ́n tó dà á sínú amù. Ní 1908, nígbà tí ìjọba gbé ètò omi ẹ̀rọ kalẹ̀ fún Èkó, tí wọ́n sì ní kí àwọn aráàlú san owó rẹ̀, ẹ̀hónú sọ. Ọdún náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní 1915, rògbòdìyàn owó omi sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1916. Òpìtàn máa ń kọ èyí bí ìtàn òṣèlú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìtàn ìdáná pẹ̀lú. Owó tí a bù lé omi, orí ọkà, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ni ó já sí, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dúró láìsí omi.

Báwo ni ìmọ̀ yìí ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ? Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin dé, irú èyí tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869 àti Queen's College tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1927, iṣẹ́ abẹ́ ilé wọ inú ìwé. Ìwé fẹ́ràn ìwọ̀n: ife kan, ṣíbí méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N kò kẹ́gàn ìwọ̀n. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn kan máa rò pé ìyá tí ó sọ pé "bu omi sí i títí tí yóò fi tó" kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà kì í wọn omi. Bí a bá bi í pé omi náà yóò ti pọ̀ tó, yóò ní, "Ọmọ mi, má wò ó, gbọ́ ọ." Ohùn ọkà tí ó ń gbọ omi lábẹ́ ideri yàtọ̀ sí ohùn èyí tí omi ti tó, ohùn orógùn lára ìkòkò náà a sì máa yí padà. Èlùbọ́ ọdún yìí kì í mu omi bí èlùbọ́ èṣí. Gaàrí Ìjẹ̀bú tí ó kan tí ó sì gbẹ dáadáa kì í mu omi bí èyí tí ó ṣì tutù díẹ̀. Iṣu tuntun ní omi nínú ju iṣu èṣí lọ. Ife tí a kọ sínú ìwé kò lè mọ gbogbo èyí. "Títí tí yóò fi tó" ni ìwọ̀n tí ó péye jù, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí a ń sọ ọ́ fún bá ti dúró ti ìkòkò pẹ̀lú ẹni tí ń sọ ọ́.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò dúró ti ìkòkò mọ́. Èmi kò dá wọn lẹ́bi: ilé-ìwé ń pè wọ́n, iṣẹ́ ń pè wọ́n, òmíràn sì ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston níbi tí ó ti ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ọkà òun tún ti ní kókó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó jẹ́ pé etí àti imú ni a fi ń gbà á kì í gba inú fóònù kọjá tán.

Àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n kó kọjá òkun fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀ fún wa. Ní Bàhíà títí di òní, wọ́n ń se àgbàdo funfun nínú omi títí tí yóò fi dì, wọ́n sì ń fi ewé wé e. Acaçá ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ ni. Wọ́n ní amalá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilá ni ó jẹ́ olórí nínú tiwọn. Ní Kúbà, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń fi ro amalá tí wọ́n ń gbé fún Ṣàngó. Iṣu yí padà, èlùbọ́ di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n orúkọ dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni omi gbígbóná àti ọwọ́ tí ń rò ó dúró. Ní 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ta àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n kọ. Iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n kọ, ìyẹn ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò fi í mọ sórí àkàrà nìkan.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ń kọ oríkì sílẹ̀, wọ́n ń kọ àlọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìdáná pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ìyá tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè. Kí wọ́n má ṣe béèrè èròjà nìkan. Kí wọ́n béèrè omi: odò wo tàbí kànga wo ni ó ti wá, gbígbóná ni tàbí tútù, ọjọ́ mélòó ni ó lò nínú àgbàdo kí wọ́n tó dà á nù, kí ni ìyá gbọ́ kí ó tó mọ̀ pé ó tó. Ẹni tí ó bá kọ ata àti epo sílẹ̀ tí kò kọ omi, orúkọ oúnjẹ ni ó kọ. Kò tíì kọ bí a ṣe ń sè é.